Ìyá Oníkọ́mú àti Ìkọ́ Inú Ẹ̀jẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ kí èèyàn kánjú ṣe nǹkan. Ìyá tó bí ìyá mi ni. Ìyá Àgbà là ń pè é nílé. Ní ọjà Tejúoṣó, Ìyá Oníkọ́mú ni. Kọ́mú ló ń tà, òun àti yẹ̀rì àti pátá obìnrin, láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi títí di ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la sin ín. Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé ó pẹ́ láyé, ó sì rí ọmọ-ọmọ, èmi náà ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ irú èèyàn tó jẹ́ gan-an nínú wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Nínú ilé alájà kan ní Sùúrùlérè, lẹ́yìn Ojúẹlẹ́gbà, la gbé: yàrá méjì àti pálọ̀, irin lójú fèrèsé, àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn òbí mi wà ní Kàdúná, níbi tí iṣẹ́ gbé bàbá mi lọ. Èmi kò lè bá wọn gbé ibẹ̀, nítorí òtútù ọyẹ́ tó bá mú ọmọ ẹlòmíràn ní ikọ́, èmi ló ń dá dùbúlẹ̀. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe mí, èyí tí ará Èkó ń pè ní síkúlà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi mí sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà sì tì mí mọ́lé.

Mi ò sọ ọ́ láti bú u. Bí òjò bá ṣú, ó ti pè mí wọlé. Bí oòrùn bá mú, ó ti pè mí wọlé. Àwọn ọmọ àdúgbò á máa ta tẹ́ń-tẹ́ń níta, èmi á di irin fèrèsé mú, màá máa ka ẹsẹ̀ fún wọn láti inú ilé, bí ẹni tó ń ṣe rẹfirí. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ìyá Àgbà, ṣé ọmọ ẹ̀wọ̀n ni mí ni?" Ó ń kó ọjà rẹ̀ sínú báàgì, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní ẹran jẹ. Wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ."

Ọ̀rọ̀ tó sọ jù láyé rẹ̀ ni "Mu omi." Bí mo bá jí, mu omi. Bí mo bá jẹun, mu omi. Bí mo bá ń sunkún, yóò kọ́kọ́ gbé kọ́ọ̀pù lé mi lọ́wọ́ kó tó bi mí pé kí ló ṣe mí. Nígbà tí omi ẹ̀rọ kì í yọ ní Sùúrùlérè, ọ̀dọ̀ mẹ́rúwà ló ti ń rà á kún dúrọ́ọ̀mù, ó sì ń ṣọ́ dúrọ́ọ̀mù yẹn ju ọjà rẹ̀ lọ. Ìyá Wàsíù, ìyàwó onílé wa, bu garawa méjì níbẹ̀ lọ́jọ́ kan láti fi fọṣọ. Wọ́n jà á dé ojú títì.

"Omi lásán ni mo bù, Ìyá Oníkọ́mú. Ẹ fẹ́ pa mí nítorí omi?"

"Kì í ṣe omi lo bù. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi lo bù. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi lo fi fọ pátá rẹ."

Ìyá Wàsíù wò mí, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ta pátá mìíràn fún mi nígbà náà, mi ò lè wọ èyí mọ́." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà ra àgádágodo fún dúrọ́ọ̀mù.

Ọjà rẹ̀ náà ní òfin. Kò gbọdọ̀ sí kọ́mú kan tí ìkọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àwọn oníbàárà á wọ̀ ọ́ wò, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á jù ú sílẹ̀. Òun á mú un, á fi ìkọ́ kọ́ ojú rẹ̀ padà, kó tó tò ó lé èkejì. Bí ọmọ tó ń bá a tajà bá gbàgbé, ìjà dé. Mo rí i níbi tó ti da odidi àpótí kan sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ nítorí ìkọ́ kan ṣoṣo. Ìkọ́ yẹn ti mú léèsì kọ́mú kan, ìyẹn ti mú òmíràn, nígbà tí oníbàárà fa ọ̀kan, odindi rẹ̀ ló jáde bí ẹja inú àwọ̀n. Ó ní, "Ìkọ́ kò mọ ẹni tó yẹ kó mú. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló ń mú."

Òfin ìsọ̀ yìí ló gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ klíníìkì wa ni, mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà obìnrin kan ló ń tọ́jú mi, onísùúrù, èrò kò sì pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá Àgbà ní, "Dókítà, ojoojúmọ́ lẹ ń sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ń tẹ̀ bíi dòjé. Ta ló ń tẹ̀ ẹ́? Ṣé irin ló wà nínú ẹ̀ ni?"

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, nínú hóró ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan, purotéènì kan wà tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Kì í ṣe ẹyin àti ẹ̀wà tí a máa ń ní kẹ́ ẹ fún un jẹ nìkan là ń pè ní purotéènì o. Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń hun tirẹ̀. Bí okùn gígùn ló ṣe ń jáde. Bó ṣe ń jáde ló ń ká ara rẹ̀ jọ, kò sẹ́ni tó ń bá a ká a. Ibi tó kórìíra omi lára rẹ̀ á sá wọnú, ibi tó fẹ́ràn omi á kọjú síta, bẹ́ẹ̀ láá ṣe ní ìrísí. Bó bá ká tán, mẹ́rin irú rẹ̀ á para pọ̀ di ọ̀kan. Àìmọye irú ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ló wà nínú hóró ẹ̀jẹ̀ kan, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, kálukú ń ṣe tirẹ̀."

"Ti ọmọ mi ńkọ́? Ṣé kò ká ni?"

"Ó ká, Màmá. Ó ká dáadáa. Àmọ́ ibì kan wà lára okùn rẹ̀, lójú ìta, níbi tó yẹ kí ohun tó fẹ́ràn omi wà. Èyí tó kórìíra omi ló bọ́ síbẹ̀. Bó bá ṣì gbé afẹ́fẹ́ dání, kò sí wàhálà. Bó bá já afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ tán, ìrísí rẹ̀ á yí díẹ̀, àyè kékeré kan á ṣí lára rẹ̀. Ibi tó kórìíra omi lára ẹnìkejì rẹ̀ á wá wọ inú àyè yẹn, á fara pamọ́ síbẹ̀. Ọ̀kan á mú èkejì, èkejì á mú ẹ̀kẹta, wọ́n á tò gbọọrọ, wọ́n á le bí ọ̀pá. Ọ̀pá yẹn ló ń na hóró ẹ̀jẹ̀ tí yóò fi tẹ̀. Bó bá tẹ̀, kò lè gba ojú iṣan tóóró kọjá. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Àgbà ki ọwọ́ bọ báàgì ọjà rẹ̀, ó fa kọ́mú méjì yọ lórí tábìlì dókítà, lójú gbogbo ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí ìkọ́ ọ̀kan, ó fi kan èkejì, ó gbé e sókè. Méjèèjì rọ̀ mọ́ra wọn.

"Ṣé báyìí ni?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi yọjú. Ó ní, "Báyìí gan-an ni, Màmá. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kó máa mu omi. Bí omi bá pọ̀ nínú hóró ẹ̀jẹ̀, wọ́n á jìnnà síra wọn, kò ní yá wọn láti gbá ara wọn mú."

Nígbà tí à ń lọ sílé, ó di ọwọ́ mi mú ní gbogbo ọ̀nà. A dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó wá ní, "O gbọ́ o. O ká dáadáa. Ìkọ́ rẹ ló wà níta."

Ó fẹ́ fi tù mí nínú ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ìrora bá dé, mo máa ń rí wọn nínú egungun itan mi, ogunlọ́gọ̀ wọn, wọ́n ti gbá ara wọn mú, ọ̀nà sì ti dí. Èmi wà nínú ilé tí wọ́n tì, ilé tí wọ́n tì sì wà nínú mi.

Ó yẹ kí n sọ ti ìwádìí báyìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ẹ mọ̀ pé láyé ìgbà náà, bí ọkùnrin bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni, àwọn ẹbí á ránṣẹ́ lọ sílùú rẹ̀, wọn á wádìí ìdílé rẹ̀ wò. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló lọ ṣe ti ìyá mi. Ó gbé kọ́mú lérí, ó wọ ìlú bàbá mi ní Ìjẹ̀bú bí ẹni tó wá kiri ọjà, ó jókòó lójúde àwọn èèyàn, ó ń tà, ó ń béèrè. Ó béèrè wèrè, ó béèrè wárápá, ó béèrè ẹ̀tẹ̀. Ó béèrè bóyá ọkùnrin ilé náà ń lu ìyàwó. Ó padà dé, ó ní kò sí àbùkù. Wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n sì bí mi.

Mo bi í ní ìsọ̀ lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìbéèrè tó báyìí, kí ló dé tẹ́ ẹ ò béèrè àwọn ọmọ tó kú nílé wọn?"

Ó ń kọ́ ìkọ́ kọ́mú lọ́wọ́. Ó ní òun náà bí méjì kó tó bí ìyá mi, wọ́n kú, wọ́n pè wọ́n ní àbíkú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dárúkọ wọn, kí ọkọ má baà sá fún àwọn tó kù. Àwọn ará Ìjẹ̀bú náà ní tiwọn, wọ́n fi pamọ́. Ilé méjèèjì mọ ìbéèrè tí wọn kò gbọdọ̀ bi ara wọn. Ó ní, "Mi ò bi wọ́n, kí wọ́n má baà bi mí."

Báyìí la ṣe dé ọ̀rọ̀ Àǹtí Bísí. Àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà ni, àbúrò ìyá mi, òun ló ń bá wa gbé. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan ní Yábàá. Bùrọ̀dá Délé ni ọkùnrin tó fẹ́ ẹ, ó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Múṣin, ọlọ́yàyà èèyàn tó ń pè mí ní Màdáàmù Omi, tó sì ń gbé ẹ̀pà síse wá fún mi. Àǹtí Bísí ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Bí Bùrọ̀dá Délé bá wà nílé wa, Àǹtí Bísí máa ń rẹ́rìn-ín tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀ nígbà mìíràn. Ìyá Àgbà ní kí àwọn méjèèjì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n ń fi í ṣe ọ̀la, wọ́n ń fi í ṣe ọ̀tunla, títí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fi dé.

Mo ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí mi á rò pé mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Àǹtí Bísí kúnlẹ̀ níwájú mi bí ẹni tó ń kí àgbà.

"Mojí, jọ̀ọ́. Jókòó sí yàrá títí wọ́n á fi lọ. Ojú ẹ yẹ́lò jù lónìí, wọ́n á máa bi wá ní ìbéèrè."

Mo ní kò burú. Ìyá Àgbà gbọ́. Ó gbé kọ́ọ̀pù omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀.

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn àlejò dé, wọ́n kí, a dá wọn lóhùn. Àbúrò bàbá Bùrọ̀dá Délé ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Àbúrò ọkọ Ìyá Àgbà ló ń sọ̀rọ̀ fún wa, Bàbá Ìlúpéjú là ń pè é.

Tíṣà ní, "A ti wádìí yín, ilé dáadáa ni. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Bàbá Ìlúpéjú ní, "A ti ṣe tiwa, ó mọ́."

Mo wá gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà. "Kò mọ́."

Bàbá Ìlúpéjú ní, "Ìyàwó wa, kí lẹ wí?"

"Mo ní kò mọ́. Ìwádìí tí a kì í béèrè ọmọ tó kú nínú ẹ̀, kò mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka tèmi. Dúrójayé ni àkọ́kọ́, ó ti ń rìn. Kòsọ́kọ́ ni èkejì, kò tiẹ̀ tíì jókòó. Àbíkú la pè wọ́n, a sì panu mọ́."

Àǹtí Bísí ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́." Kò gbọ́ orúkọ méjèèjì yẹn rí láyé rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ dún lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyá Àgbà dúró níbẹ̀, ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Mojí, bọ́ síta." Ó fà mí dé àárín pálọ̀. "Ọmọ-ọmọ mi rèé. Ohun tó pa àwọn yẹn ló ń bá èyí jà. Ẹ wo ojú ẹ̀ dáadáa. Tiyín dà?"

Tíṣà ní, "Ìyá, ṣé nílùú tiyín, níbi ìtọrọ ìyàwó lẹ ti ń ka òkú?"

"Mo ti ka tèmi, sà. Ó kù tiyín."

Ó tún fa kọ́mú méjì rẹ̀ yọ. Ó ní bí ìyá bá ní ìkọ́ kan, bàbá ní ìkọ́ kan, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, àfi kí ọmọ gba méjèèjì. Ó ń fi hàn wọ́n. Tíṣà kọjú sí ògiri, nítorí kọ́mú. Bàbá Ìlúpéjú bo ojú. Ṣùgbọ́n ìyá Bùrọ̀dá Délé, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti wọlé, ń wo ọwọ́ Ìyá Àgbà, ó sì ń wò mí. Ó ní jẹ́jẹ́, "Mo bí ọ̀kan ṣáájú Délé. Ojú ẹ̀ rí báyìí."

Tíṣà ní, "Dákẹ́." Ó dákẹ́.

Àǹtí Bísí dìde, ó kọjá lára mi, ó wọ inú yàrá tí mo ti jáde, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Àwọn àlejò lọ láìjẹun.

Kí n má purọ́ fún yín, inú mi kò dùn sí Ìyá Àgbà. Kò rọrùn kí wọ́n gbé èèyàn síwájú àlejò bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bí mọ́. Mo bi í léèrè ní ìsọ̀ rẹ̀ pé, "Ṣé kí wọ́n má baà bí irú mi lẹ ṣe pè mí jáde?" Ó kọ́ ìkọ́ kan, ó kọ́ òmíràn. Ó ní, "Ìrora rẹ ni mo ń lé, kì í ṣe ìwọ. Mi ò mọ bí mo ṣe lè lé ọ̀kan kí n má kan èkejì."

Bùrọ̀dá Délé padà wá lóun nìkan. Òun àti Àǹtí Bísí lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níkẹyìn, AS ni àwọn méjèèjì. Síbẹ̀ ó jókòó níwájú Ìyá Àgbà, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Màmá, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni wọ́n sọ. A ó bí mẹ́ta péré, a ó dúró."

"Délé ọmọ mi, ta ló sọ fún ẹ pé èyí tó ń ṣàìsàn ló máa ń gbẹ̀yìn?"

Ìyá Àgbà ní òun kò ní dí wọn lọ́wọ́, àgbà ni wọ́n, wọ́n ti mọ̀. Àwọn ará ilé Bùrọ̀dá Délé ló dí wọn lọ́wọ́, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ilé àbíkú ni ilé wa, ìyá ìyàwó sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà rìn ju ẹsẹ̀ lọ. Ọkùnrin mìíràn yọjú, ó gbọ́, ó padà. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó yọjú mọ́. Ọdún kan, Àǹtí Bísí rí Bùrọ̀dá Délé ní Ọ̀yìngbò, ó gbé ọmọ kan dání, ọmọ náà sanra, ó ń jẹ búrẹ́dì. Nígbà tí Àǹtí Bísí wọlé, ó dúró níwájú ìyá rẹ̀ láìbọ́ bàtà.

"Màámi, ẹ ní ẹ gbà mí lọ́wọ́ nǹkan. Ọmọ tẹ́ ẹ ní ìrora ì bá máa ṣe, mi ò rí i rí. Èyí tí mi ò bí ni mò ń rí."

Ìyá Àgbà kò jiyàn. Kò sì tọrọ àforíjì. Ó ní, "Èmi rí i. Èmi rí méjì."

Lẹ́yìn èyí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ilé yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àǹtí Bísí ì bá kó jáde, kò kó jáde. Ó ní ta ló máa tọ́jú ìyá arúgbó àti Mojí tó ń dùbúlẹ̀. Ó ń kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ó ń kí i lálẹ́, ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ìkíni, èmi ni wọ́n ń rán. "Sọ fún Màámi pé oúnjẹ ti jinná." "Sọ fún Bísí pé mo ti gbọ́." Ní pálọ̀ kan náà. Èmi tí wọ́n ní mi ò ní pẹ́, mo ti di ẹni tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní Màmá, orí mi ti funfun, síbẹ̀ mò ń jẹ́ iṣẹ́ láàárín àga méjì.

Nígbà tí Ìyá Àgbà kò lè dìde mọ́, Àǹtí Bísí ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń tẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, ó ní omi tútù kò dáa fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, Àǹtí Bísí ń fi ṣíbí fún un ní ògì. Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò rán mi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Bísí, ṣé o ṣì ń bínú sí mi?"

Àǹtí Bísí fẹ́ atẹ́gùn sí ògì inú ṣíbí títí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Mo ṣì ń bínú, Màámi. Ẹ lanu."

Ó lanu.